Màmá Rẹ Ni Ẹlẹ́rìí Ilẹ̀ Nínú Eré Ẹrẹ̀

Agbowa,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, 2025.

Mujeeb ọmọ mi,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Jímọ̀ pọ̀. Orúnkún màmá rẹ wà níbẹ̀, èyí tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ewúrẹ́ wa dúdú wà níbẹ̀, ó ń húkọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá òtútù ni àbí ó ti gbé ọ̀rá mì. Ìṣó kan ti yọ jáde nínú òrùlé lọ́gangan orí ibùsùn mi, mo ń wò ó, ó ń wò mí. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn tún wà tó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn, n ó ṣàlàyé ìyẹn tí mo bá dé ibẹ̀. Èyí tó wá wúwo jù ni ohùn rẹ lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, nígbà tí o ní kí n dá màmá rẹ dúró, kó má dé Ẹ̀pẹ́ rárá, pé a ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tó lójú àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé n kò tíì kí ọ. Má bínú, àníyàn ló gba iwájú ìkíni lọ. Ṣé ara le? Ṣé Lateefah ìyàwó rẹ wà dáadáa? Ṣé ẹ ṣì ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí ẹ tó lè kúrò ní Ìkòròdú dé ibi iṣẹ́ lásìkò? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ọ̀sà yóò máa ṣọ́ yín lórí afárá. Yóò sì máa ṣọ́ ọ nínú àpótí irin tó ń gbé yín gòkè ní ọ́fíìsì, èyí tó há pẹ̀lú yín nínú lọ́jọ́sí. Èmi ṣì fẹ́ kí o máa fi ẹsẹ̀ gòkè. Àjà kẹsàn-án kò jìnnà fún ọmọ tí Wàsílátù bí, bí o bá ka lẹ́tà yìí tán wàá mọ ìdí rẹ̀.

Nílé níbí, òjò kò tíì fẹ́ dá, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ta, gàrí sì ń lọ. Bàbá Ìdrís, olórí ẹbí wa, ti fi eyín tuntun sẹ́nu, ó ń yọ ọ́ hàn gbogbo àlejò, ó sì ń kó ìrònú bá mi pé ó lè gbé e mì lójú oorun. Ìwé ni mo ń kọ sí ọ dípò kí n pè ọ́, nítorí fóònù kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fèsì nígbà tí ọmọbìnrin inú fóònù já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu pé owó ti tán. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan péré, pé ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, jókòó, kí o kà á dópin kí o tó bínú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní àárín oṣù tó kọjá, mo lọ wo ilẹ̀ àbàtà ẹbí wa lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́, mo sì bá èèkàn níbẹ̀. Èèkàn mẹ́tàlélógún, Mujeeb, wọ́n fi ọ̀rá pupa tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n mọ́ra, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára ọ̀pẹ méjì. Ìwọ náà mọ ohun tí èèkàn àti ọ̀rá pupa túmọ̀ sí láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Tí o bá rí wọn lónìí, katakata tó ń hú ilẹ̀ ni wàá rí lọ́túnla. Mo sáré dé ilé Bàbá Ìdrís, mo ní ilẹ̀ ti lọ. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó, pé láti ọdún 1979 ni mo ti ń sọ pé ilẹ̀ ti lọ, ilẹ̀ ò sì kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ojú ara rẹ̀ rí èèkàn, òun ló kọ́kọ́ fà á tu.

A fa gbogbo rẹ̀ tu. Wọ́n tún ti fi pákó kan ògiri sí ẹnu ọ̀nà àbàtà náà, ó ga tó àjà ilé, a tì í, kò mì. Nítorí náà mo gbé ọ̀dà dúdú, mo sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí tíṣà fi pàṣán kọ́ mi kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, ẸBÍ LÓ NI Í. Nígbà tí mo délé ni mo rántí pé n kò kọ déètì sí i, n kò sì lè jẹun alẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan dé láti Ìkòròdú, Ayọ̀midọ̀tun lorúkọ rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò eléré ìdárayá, ó kúnlẹ̀ síwájú gbogbo àwọn àgbà ẹbí. Ó ní ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá wa, àwa la ni èèkàn, Bàbá Ìdrís ti fún wa láyè láti oṣù Kẹjọ. Gbogbo wa yíjú sí Bàbá Ìdrís. Ó ní lóòótọ́, òun rántí búrẹ́dì tí ọmọ náà mú wá, ṣùgbọ́n òun kò rántí ọ̀rọ̀ tó bá a wá.

Ọmọ náà wá ṣàlàyé. Ó ní ẹgbẹ́ kékeré kan ni àwọn, ará ẹ́sítéètì lọ́tùn-ún lósì Ìkòròdú, tí wọ́n máa ń sáré onídènà ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n á fi àyà fà lábẹ́ àwọ̀n nínú ẹrẹ̀, wọ́n á gun ògiri, wọ́n á ru àpò iyanrìn láti ibì kan dé ibì kan, wọ́n á sì rù ú padà. Bàbá Ìdrís bi í pé ta ló ń san owó fún wọn. Ó ní àwọn ló ń sanwó. Mo ní ẹ gbọ́, ṣé ẹni tó gbádùn ló máa sanwó láti ru iyanrìn lọ ru iyanrìn bọ̀? Àwọn wọ̀nyí, sọ́fè ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n fẹ́ wọn ilẹ̀ wa, eré ni wọ́n fi bò ó lójú. Gbogbo ilé ní òótọ́ ni mo sọ.

O mọ òfin ẹbí wa, pé àjèjì kan kì í wọ àbàtà yẹn láìjẹ́ pé ojú ẹbí wà lára rẹ̀, ẹni tí yóò rí ohun tó gbé wọlé àti ohun tó gbé jáde, tí yóò wá jẹ́rìí fún ilé. Láyé bàbá mi, bí ẹni kan bá wá gé imọ̀ ọ̀pẹ lásán, ẹlẹ́rìí á tẹ̀ lé e. A ní bí wọ́n bá fẹ́ sáré, ẹlẹ́rìí á bá wọn sáré. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ilé ti lọ tán, àwọn kan wà ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì ní Imota, àwọn yòókù wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, àwa tó jókòó síbẹ̀ kò sì sí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ dín ní ọgọ́ta.

Màmá rẹ ń gbé omi fún àwọn àlejò lọ́wọ́. Ó ní òun á lọ. Bàbá Ìdrís ní ìyàwó ilé kọ́ ló ni ilẹ̀. Màmá rẹ gbé ife omi kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní òótọ́ ni bàbá, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yin onílẹ̀ tó jókòó yìí, ta ló mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé èèyàn mì níbẹ̀? Àwọn onílẹ̀ wo ara wọn. Òun ló ti ń dá oko létí àbàtà yẹn láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti fẹ́ ẹ.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé kò ní lọ. Kì í ṣe ìwọ. Mo ka ejò, mo ka àtẹ̀sẹ̀yọ́, mo ka orúnkún, mo ka ohun tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí á sọ. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò wò mí. Ó ní bí mo bá kà á tán kí n bá òun kọ ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, nítorí ọmọ náà ní ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ fọ́ọ̀mù kò ní wọlé.

Mo kọ fọ́ọ̀mù náà tọkàntọkàn. Wọ́n béèrè ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, mo kọ ọ́ pé ìdílé wọn kì í jẹ òkété. Wọ́n béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ìlà kan péré ni wọ́n fà sílẹ̀, mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti Bàbá Ìdrís, ti lèmọ́mù, àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, mo sì fi lẹ́tà kékeré ṣàlàyé létí ìwé ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ó ti sáré irú rẹ̀ rí. Mo kọ Rárá. Màmá rẹ ní kí n pa á rẹ́, pé kí ni mo rò pé òun ń ṣe nígbà tí òjò bá ká òun mọ́ oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ lórí.

Ọjọ́ Òmìnira ni eré náà bọ́ sí. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wá, wọ́n fún màmá rẹ ní nọ́ńbà kejìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì, ó dá a padà, ó ní òun kò lè wọ aṣọ àwọn tí òun ń ṣọ́. Ìró oko rẹ̀ méjì ló lọ́, ó di ẹkùrọ́ sí etí èyí tó wà lókè, bó ṣe máa ń ṣe ní ibi gàrí, ẹkùrọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kọjá níwájú rẹ̀ wọ àbàtà, nítorí a kì í ka ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n ṣe fọn fèrè, ẹ̀rọ kékeré kan gbéra sókè, ó ń kùn bí agbọ́n, ó ní ojú kan lábẹ́ ikùn. Mo mọ̀ pé òun gan-an ni ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Kíá ni mo sáré sí ìdí pèrègún ààlà wa, mo ṣí agbòòrùn mi bò ó, kó má baà rí ibi tí ilẹ̀ wa parí sí. Ibẹ̀ ni mo dúró sí títí eré fi parí, apá mi ṣì ń ro mí.

Màmá rẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè mọ ohun tí àwọn tó wà níwájú ń rì mọ́lẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn. Ó kọjá àwọn tó ń sinmi. Ó fà lábẹ́ àwọ̀n láìtú gèlè. Nígbà tó dé ibi iyanrìn, ó ká aṣọ ní òṣùká, ó gbé àpò lé orí, ó sì ń bi àwọn ọkùnrin tó ń gbé e mọ́ àyà pé ṣé wọ́n fẹ́ fún un lọ́mú ni. Wọ́n dá iyanrìn náà padà lóòótọ́. Èmi fúnra mi lọ wo òkìtì rẹ̀ nígbà tó yá.

Nígbà tí wọ́n ń jáde nínú àbàtà, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ju ẹkùrọ́ kan nù fún ẹnì kan. Ẹkùrọ́ kan ṣẹ́kù. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ohun tó máa wá sí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́kàn, pé a ti rí wọn mú, ẹnì kan ti fara pamọ́ láti ri òkúta sọ́fè mọ́lẹ̀. Ipò kẹta ló wà kó tó dúró kà wọ́n, Mujeeb, Ayọ̀midọ̀tun ló sọ fún mi, ògiri pákó kan péré ló kù kó gùn kó parí. Ó yí padà, ó wọ inú àbàtà lọ láti lọ mú olè.

Ọkùnrin sísanra kan ló bá níbẹ̀, Dùnsìn, ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ kan bíi tìrẹ. Ó ti ya kúrò lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ ti dé àyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Màmá rẹ bi í pé kí ló ń rì síbẹ̀. Ọkùnrin náà ní Màmá, ara mi ni. Màmá rẹ ní kó má ta ẹsẹ̀ mọ́, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ibùsùn. Ó tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ sílẹ̀, ó tú ìró òkè, ó gbà á lábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń bú u pé ọ̀nà wà níbẹ̀ gbọọrọ, wọ́n fa ọ̀rá pupa sí i, ṣé ojú rẹ kò mọ pupa ni, ọmọ yìí. Ó fà á jáde. Bàtà rẹ̀ kan kò jáde. Bàbá Ìdrís ní ó ti di ti ẹbí.

Àwọn yòókù ti parí, wọ́n ti ń jẹ bọ̀lì, nígbà tí àwọn méjèèjì yọ, tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n á kan jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Rárá o. Gbogbo wọn ju oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n padà wá sí ìdí ògiri pákó náà. Màmá rẹ ti Dùnsìn gòkè, ó ku òun nìkan. Ó gbé ẹsẹ̀, orúnkún kọ̀. Mo kígbe láti ìdí pèrègún pé Wàsílátù, fi sílẹ̀, ẹ̀rí ti pé, o ti rí gbogbo rẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ògiri. Ọwọ́ mẹ́jọ sì sọ̀kalẹ̀ láti òkè, wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń pariwo Màmá Ẹlẹ́rìí, Màmá Ẹlẹ́rìí. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìkọ̀wé mi, ó gòkè. Nígbà tó dé orí ògiri náà, ó jókòó gẹlẹtẹ síbẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlógójì, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí. N kò sì rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ fún màmá rẹ rí, èmi náà wà nínú wọn. Mo gbàgbé ẹ̀rọ tó ń fò. Mo ju agbòòrùn sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì pàtẹ́wọ́.

Mo bi Dùnsìn lẹ́yìn náà pé kí ló ń mú ọmọ ènìyàn sanwó fún irú ìyà yìí. Ó ní Bàbá, ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbé ẹ́sítéètì mi, n kò mọ orúkọ ẹni tí a jọ pín ògiri, géètì ni a fi ń kí ara wa. Inú ẹrẹ̀ yìí ni mo ti mọ̀ ọ́n, òun ló di ọwọ́ mi mú lórí pákó yẹn. Ó ní eré ńlá ńlá wà níbòmíràn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń sá, tí ẹni tó kẹ́yìn á délé láìsí ẹni tó mọ̀, ṣùgbọ́n ní irú kékeré yìí, bí o bá ṣubú, orúkọ rẹ ni wọ́n máa pè. Mo rò ó títí. Ó ṣe mí bíi pé iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ tí àwa ń bá ara wa ṣe láyé ọjọ́sí ni àwọn ọmọ yìí ń wá kiri, tí wọ́n sì ń fi owó rà.

Ẹ̀rọ tó ń fò yẹn ló ya gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni fídíò tí o rí lórí fóònù. Dùnsìn fi hàn mí pé ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn ló ti fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí màmá rẹ. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń gbé, ká lè rán ẹnì kan lọ kí wọn, ó ní kò ṣeé ṣe. Kò dára kí èèyàn gba ohun tó tó bẹ́ẹ̀ láìdúpẹ́. Bí o bá mọ olórí wọn, bá mi kí i. O ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì rẹ. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí o wá bi wọ́n pé èwo nínú àwọn ìyá tiwọn ló padà nígbà tó ku ògiri kan. Wọ́n fún un ní pátákó róbótó olókùn, káfíńtà ló gé e, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mo ń fi kẹrosíìnì pa á láràárọ̀ nítorí ikán.

Wọ́n ti wá pè é sí eré mìíràn ní Ẹ̀pẹ́, Sátidé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí. Mo bi í pé ilẹ̀ ta ló fẹ́ lọ ṣọ́ níbẹ̀. Ó ní òun kò ṣọ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ sáré ni. Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ, ọmọ mi, n kò sì ní dá a dúró.

Nítorí náà, ra bàtà kànfáàsì fún un. Mo fi òwú wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń sùn, òwú náà wà nínú àpòòwé yìí, orí tí mo ta kókó sí ni ìka. Fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún fọ́ọ̀mù sí i, owó ọkọ̀ ènìyàn méjì, àti róòbù fún orúnkún. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí obìnrin tó ń sanwó ní ìkóríta ní ẹ̀rọ òun kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Kó gbogbo rẹ̀ fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Bí ìwọ àti Lateefah bá lè yọjú sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé náà, inú rẹ̀ á dùn ju ti bàtà lọ.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò na ọwọ́ sí ọ láti òkè. Kò ní jẹ́ kí o jẹ́ ẹni tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn, kò sì ní jẹ́ kí o jẹ́ ẹni tí kò padà wo ẹ̀yìn. Àmín.

Màmá rẹ á gbéra lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú eré. Èmi kò lè dúró dè é. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ti gbogbo ògiri wọn ní Ẹ̀pẹ́ wò, kí n fa gbogbo okùn, kí n fi ọ̀pá wọn ẹrẹ̀ náà títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ibẹ̀. Èmi Bùsàrí Adéòjó, bàbá rẹ, á ti jáde nílé lẹ́yìn ìrun àsùbáà ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá.